Sálúbàtà Tó Kọjú Sílé

Sálúbàtà méjèèjì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bákónì, wọ́n tò pọ̀ bí ìbejì. Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀. Òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá arúgbó tó ni sálúbàtà kò sí.

Kò sẹ́ni nínú ọkọ̀ ojú omi náà tó ń retí kí wọ́n ṣàlàyé ìyókù fún òun. Láti àárọ̀ ni ọkọ̀ ńlá náà ti ń yí lójú kan bí adìẹ tó sọ ọmọ nù. Wọ́n ti sọ àwọn ọkọ̀ kékeré sómi, wọ́n ń fi awò wá orí funfun láàárín ìgbì funfun. Ọ̀gá ọkọ̀ ti sọ ọ́ pé bí oòrùn bá wọ̀, òun ò ní lè wá a mọ́.

Jẹ́jẹ́ dúró ti ògiri, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìránṣẹ́ yàrá ńlá ni. Ẹni tó bá gba irú yàrá yìí, tó ní pálọ̀ tirẹ̀ àti yàrá ibùsùn méjì, kì í tú ẹrù ara rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni yóò tú u, tí yóò fi aṣọ kọ́, tí yóò lọ èyí tó bá rún. Yóò dán bàtà. Yóò ṣí omi ìwẹ̀ dé ìwọ̀n tí ara fẹ́. Yóò gbé tíì wá kí àlejò tó rántí pé òun ń fẹ́ ẹ. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà ò ju pé kí nǹkan ti padà sáàyè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó kúrò níbẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ rí sálúbàtà nígbà tí wọ́n ń wá ìyá náà. Òun ló tẹ aago ewu. Ní báyìí, òun ni gbogbo ojú ń wò.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" Ìyá Ìbéèrè ló sọ̀rọ̀.

Olórí àwọn aṣọ́nà inú ọkọ̀ ni Ìyá Ìbéèrè. Ó ti ṣe ọlọ́pàá títí irun rẹ̀ fi funfun kó tó wá sórí omi. Ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn, kò sì bínú sí i.

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Ọ̀gá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo lè búra."

"Má búra. Òkun ń gbọ́."

Ìyá Ìbéèrè kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún kò. Ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó ń wo sálúbàtà bí ẹni ń wo iná lábẹ́ ìkòkò. Ó dìde.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Jẹ́jẹ́ tí kò tíì sọ.

Ilẹ̀kùn kan wà nínú ògiri pálọ̀ tí àlejò kì í mọ̀ sí ilẹ̀kùn, torí ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kun òun àti ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kọ̀rọ̀ iṣẹ́ Jẹ́jẹ́ wà, ibi tó ń to ife àti táwẹ̀lì sí. Ẹ̀yìn kọ̀rọ̀ náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ilẹ̀kùn náà máa ń pa ara rẹ̀ dé ni, á sì ti ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́rùn Jẹ́jẹ́. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan há a. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíréè, ọwọ́ wo ni yóò fi yí kọ́kọ́rọ́? Gbogbo ìránṣẹ́ yàrá ló ń ká aṣọ ìnuwọ́ há ẹnu àgádágodo. Gbogbo wọn ló sì ń sẹ́.

Òun náà há a láàárọ̀ yẹn. Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ bi í, ó ní ó tì. Ẹni tí wọ́n bá mú lórí ìyẹn, èbúté tó kàn ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ mìíràn ò sì ní gbà á. Orí tíréè yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun. Ó wá ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò kúkú ṣe nǹkan kan. Sálúbàtà ti jẹ́rìí. Ẹni tó bá já sómi ò gba inú ògiri kọjá.

Ọmọbìnrin ìyá náà, olùkọ́ ilé ìwé, jókòó sétí ibùsùn. Ó ti sunkún tán, ojú rẹ̀ gbẹ, ó pọ́n.

"Ẹ má bi mí ní nǹkan kan," ó ní. "Ẹ lọ bi ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ni kí n bi wọ́n?" ni Ìyá Ìbéèrè wí.

"Ẹ bi wọ́n pé kí ló rin ẹ̀wù wọn láàárọ̀. Mo pàdé wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ti yàrá Màmá bọ̀. Ẹ̀wù wọn rin dé àyà. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn."

"Ẹ̀yin méjèèjì ò rẹ́ ni?"

"A jà lánàá. Mo ní ká gbé Màmá lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, níbi tí nọ́ọ̀sì wà. Ọjọ́ mìíràn wà tí wọn ò mọ orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sóhun tó ṣe Màmá. Wọ́n ní àárẹ̀ lásán ni, ká gbé wọn wá sórí omi kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Gbogbo ìrìn àjò yìí, kí wọ́n lè fi hàn pé irọ́ ni mò ń pa ni."

"Ṣé ẹ rò pé wọ́n ti Màmá sómi?"

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò mọ ohun tí mo rò. Màmá ò sí. Ẹ̀wù wọn rin."

Jẹ́jẹ́ rí ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí obìnrin náà tó rí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kọngílá tó ń kọ́ ilé, ènìyàn gìrìwò. Ó ti gbọ́.

"O pè mí ní apànìyàn," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Rárá. O ti sọ ọ́. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ìyá Ìbéèrè bọ́ sáàárín wọn bí ẹni tó ń kọjá lọ sí ọjà. "Ẹ̀wù yín rin àbí kò rin?"

"Ó rin."

"Kí ló rin ín?"

"Omi."

"Omi pọ̀ níhìn-ín. Tòkun ni àbí ti ẹ̀rọ?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ìyá Ìbéèrè yíjú sí ògiri. "Jẹ́jẹ́, ìwọ lo kó ẹ̀wù náà lọ fún fífọ̀. Kí ló ń rùn?"

"Ọṣẹ, Ọ̀gá. Ọṣẹ ìwẹ̀."

"Ọṣẹ." Ó mi orí. "Mo ti ń wá apànìyàn láti ìgbà èwe mi. N kò tíì rí èyí tó kọ́kọ́ wẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ pa."

Ọkùnrin náà fara ti férémù ilẹ̀kùn.

"Wọ́n yàgbẹ́ sára," ó ní. "Màmá. Wọn ò tètè dé ilé ìgbẹ́. Mo bá wọn níbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n ń sunkún, ojú ń tì wọ́n. Mo wẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó wo àbúrò rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni náà, ìwọ ni. O ò bá ní, ṣé mo ti wá rí i pé òótọ́ lo sọ. Mo ká ìró wọn tó dọ̀tí sẹ́yìn agbada ìwẹ̀, mo ní kí wọ́n jókòó, mo lọ pààrọ̀ ẹ̀wù ní yàrá tèmi. Ìgbà tí mo padà dé..."

Àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Ìtìjú ni," ló ń wí lábẹ́ ọwọ́. "Ìtìjú ló gbé wọn sómi. Yé, Màmá mi."

Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Jẹ́jẹ́ rí i bó ṣe wọ inú àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ń fura síra wọn, ó ṣì ku ẹni tí wọn yóò bínú sí. Kọngílá náà rọra sọ̀ kalẹ̀ lára férémù títí ó fi jókòó sílẹ̀, bí àpò símẹ́ńtì tó jò.

Ìyá Ìbéèrè ò dúró tù wọ́n nínú. Ó wọ ilé ìwẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń fa nǹkan. Ó yọjú.

"Ìró dà?"

"Ẹ̀yìn agbada," ni kọngílá wí.

"Kò sí níbẹ̀. Jẹ́jẹ́, ṣé o kó aṣọ níhìn-ín?"

"Mi ò wọ ibẹ̀ rárá, Ọ̀gá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́."

Ìyá Ìbéèrè jókòó sétí agbada, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ gbọ́. Ẹni tí ayé sú, tó fẹ́ bọ́ sókun, kí ló fẹ́ fi ìró ẹlẹ́gbin ṣe? Yóò fi í sílẹ̀ fún ayé. Ẹni tó gbé aṣọ ẹlẹ́gbin dání, ó ń wá ibi tí yóò ti fọ̀ ọ́ ni. Kì í sì í ṣe ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti bá a."

"Ṣùgbọ́n sálúbàtà wọn..." ni olùkọ́ wí.

"Ẹ wá wò ó."

Wọ́n yí sálúbàtà ká bí ẹni yí òkú ká.

"Bí mo bá bọ́ bàtà kí n tó jáde, ibo ni orí bàtà yóò kọ sí? Ibi tí mò ń lọ ni. Èyí kẹ̀yìn sókun. Ilé ló kọjú sí, ọ̀kan ò sì yọ ju èkejì lọ. Ẹnìkan tò ó kí ẹni tó bá ń ti bákónì wọlé lè kàn ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ta ló ń to bàtà báyẹn nínú yín?"

Gbogbo wọn yíjú sí ògiri.

"Mi ò fọwọ́ kàn án," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ó gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè. "Ọ̀gá, kì í ṣe irọ́."

"Mi ò pè ọ́ ní onírọ́. Ta ló ní ẹnu bákónì ni ààyè sálúbàtà Màmá?"

"Ọmọ wọn obìnrin yìí ni, lọ́jọ́ tí wọ́n wọkọ̀. Wọ́n ní Màmá fẹ́ràn àtimáa jókòó wo omi."

"Látìgbà náà, bí o bá rí i níbòmíràn?"

"Mo máa ń dá a padà síbẹ̀."

"O dá a padà lónìí?"

Jẹ́jẹ́ wo sálúbàtà náà. Ṣé ènìyàn lè ka iye ìgbà tó mí láàárọ̀?

Aṣọ́nà kan kanlẹ̀kùn, ó yọ orí wọlé. "Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí n sọ fún yín pé oòrùn ti ń tẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó àwọn ọkọ̀ kékeré padà."

"Sọ fún un pé kó ní sùúrù."

"Wọ́n ní kò sí sùúrù mọ́, Ìyá... Ọ̀gá."

"Nígbà náà, sọ fún un pé mò ń béèrè nǹkan. Yóò yé e." Ó yíjú padà. "Jẹ́jẹ́, gbé tíréè. Ṣe iṣẹ́ àárọ̀ yìí fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Má rò ó. Máa sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ fún mi bí o ṣe ń ṣe é. Ta ni àgbà wọn?"

"Obìnrin ni." Ó gbé tíréè. Kò sóhun tó wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ apá rẹ̀ gbé e bí ẹni pé ife kún un. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn ògiri, ó wọlé, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó jáde.

"Ṣé ó gbọ́n?"

"Ó gbọ́n ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó lẹ́nu." Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn bákónì sí i fún atẹ́gùn, bó ṣe máa ń ṣe. Ó wọ yàrá ibùsùn kejì, ó na aṣọ ibùsùn, ó gbọn ìrọ̀rí. "Ó ní òun fẹ́ di awakọ̀ òfuurufú. Mo ní kó kọ́kọ́ fọ abọ́."

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Ọkùnrin. Òun kì í sọ̀rọ̀, bíi tèmi." Ó kó táwẹ̀lì sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń bọ̀ lọ́nà kọ̀rọ̀ rẹ̀. "Bí ẹ bá bi í léèrè..."

Lẹ́nu ilẹ̀kùn ògiri, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìka méjì ká bí ìwọ̀, wọ́n fi nǹkan kọ́ tí kò sí níbẹ̀.

Ó dúró báyẹn. Kò lè nàró. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Ìyá Ìbéèrè béèrè, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ó ti rí i. Sálúbàtà méjì lẹ́sẹ̀ ògiri, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn tirẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe ń bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá onílé. Ó ti fi ìka méjì gbé e kọjá láìdúró, ó ń ro ti ìrọ̀rí, ó tò ó sáàyè rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ ṣí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi to ikú ìyá náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé wò.

"Ibí ló wà," ó ní. "Ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n bọ́ ọ sí."

"Ilẹ̀kùn náà tì bí?"

Àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá lójú rẹ̀, elẹ́nu àti adákẹ́. Kọngílá ti dìde nílẹ̀.

"Kò tì," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Mo fi aṣọ ìnuwọ́ há a. Láti àárọ̀ ni mo ti mọ̀, mi ò sọ."

Kọngílá fò mọ́ ọn, ó fún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ pọ̀. Ìyá Ìbéèrè fi ọwọ́ lé apá rẹ̀.

"Ẹ óò lù ú tó bá yá. Màmá ni ká kọ́kọ́ rí."

Wọ́n gba inú kọ̀rọ̀ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òṣìṣẹ́. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, irin ni ilẹ̀, páìpù ló kún òkè. Láàárọ̀, ní àkókò oúnjẹ, kì í sí ẹnìkan níbẹ̀. Àtẹ̀gùn kan lọ sókè, òmíràn lọ sísàlẹ̀. Láàárín wọn ni ẹ̀rọ agbẹ́rù tó ń gbé àpò aṣọ ìdọ̀tí lọ síbi ìfọṣọ.

"Orúnkún Màmá ńkọ́?" ni Ìyá Ìbéèrè béèrè.

"Wọn ò lè gun àtẹ̀gùn," ni kọngílá wí. "Ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà tá a fi wọkọ̀."

Gbogbo wọn wo ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà. Iná orí rẹ̀ kú.

"Ìgbà wo ló ti dúró?"

Jẹ́jẹ́ ló dáhùn. Kò ní sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. "Tí aago ewu bá ti dún pé ènìyàn já sómi, wọ́n máa ń pa á, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè gba àtẹ̀gùn. Ibi tó bá wà ló máa dúró sí."

"Láti àárọ̀," ni olùkọ́ wí. "Láti àárọ̀ tí a ti ń wá wọn, àwa la tì wọ́n mọ́lé."

"Ṣé wọn ò ní pariwo ni?" ni Ìyá Ìbéèrè béèrè.

"Màmá kì í pariwo. Nígbà tí wọ́n bí mi, àwọn tó wà ní yàrá kejì ò mọ̀," ni olùkọ́ wí.

Mẹkáníìkì tí Ìyá Ìbéèrè ránṣẹ́ pè dé pẹ̀lú ọ̀pá irin. Àárín àjà méjì ni ẹ̀rọ náà dúró sí, nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi irin ya ilẹ̀kùn, ooru tú jáde bí ẹni ṣí ààrò. Àyè tó ṣí ò ju ibi tí ọmọdé lè gbà lọ. Nínú òkùnkùn náà, ẹsẹ̀ kan yọ láàárín àwọn àpò aṣọ. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ náà. Kò mì.

"Màmá," ni kọngílá pè.

Ó tún pè. Ìpè kejì yìí kì í ṣe ohùn àgbàlagbà mọ́.

Jẹ́jẹ́ ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó rá wọlé. Ó wá ọwọ́ ìyá náà rí, ó gbóná. Ohun gbogbo níbẹ̀ ló gbóná, nítorí náà gbígbóná ò sọ nǹkan kan fún un. Ó gbé etí lé àyà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara tirẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ tó ń lù. Ó di èémí mú. Ó gbọ́ òmíràn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn tí kò fẹ́ dí onílé lọ́wọ́.

"Wọ́n ń mí," ó ní.

Wọ́n tún ya ilẹ̀kùn náà sí i, wọ́n fa ìyá náà jáde, wọ́n ń kán omi sí i létè kó tó lajú. Dókítà wá, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ ọkàn rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e sókè kíákíá, kí wọ́n má sì jẹ́ kó rìn. Lókè, fèrè ọkọ̀ dún láti pe àwọn tó wà lórí omi padà. Ìyá arúgbó náà jókòó sáàárín wọn lórí irin, ìró tó rọ̀ mọ́ láyà ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ojú tó rin lọ́tùn-ún lósì.

"Ta ló kú?" ó béèrè.

Olùkọ́ wólẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, èmi ni."

Ìyá náà wò ó dáadáa, pẹ̀lú àánú. Ó na ọwọ́, ó fi kan orí rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyáàfin," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ṣọ̀fọ̀?"

Kọngílá yíjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ìyá rẹ̀. Kò wo àbúrò rẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Di ẹsẹ̀ wọn mú."

Ó dì í mú. Wọ́n gbé e láàárín ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn náà.

Jẹ́jẹ́ bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó nà án sí Ìyá Ìbéèrè. Kò gbà á.

"Ẹni tó fún ọ ni kí o dá a padà fún," ó ní. "Lọ sọ ọ́ fún un fúnra rẹ, kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Yóò lé mi, Ọ̀gá."

"Yóò lé ọ."

Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló lọ sókè. Jẹ́jẹ́ ní láti tẹ̀ lé àwọn mẹ́ta náà lẹ́yìn, kò sì lè yára jù wọ́n lọ. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi," ni olùkọ́ wí níbi tí àtẹ̀gùn ti yí.

Ọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn kan sí i kó tó dáhùn.

"Mò ń rọra."

Nígbà tí wọ́n dé òkè, wọ́n yà sọ́nà ọ̀dọ̀ dókítà. Jẹ́jẹ́ yà sọ́nà ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọkọ̀.